Díìsìkì Tó Ní Òun Ti Kọ Ọ́

Nọ́ọ̀sì náà sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹrin, kò sì yí ọ̀rọ̀ kan padà.

“Bàbá káfíńtà sọ fún mi pé abẹ́rẹ́ pẹnisílínì kì í bá òun lára mu, pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ rán òun sọ́run nígbà kan. Mo tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà lójú wọn. Kọ̀ǹpútà dá mi lóhùn pé òun ti kọ ọ́. Mo bá dìde, mo lọ tọ́jú ẹlòmíì.”

“Aago mélòó?” Ọ̀gá mi bi í.

“Aago mọ́kànlá kọjá ogójì ìṣẹ́jú, mà. Lọ́jọ́ Ajé.”

“Tún un sọ.”

Mo mí kanlẹ̀. Ẹ̀ẹ̀karùn-ún rèé! Ní àgọ́ wa, Tún-un-sọ ni à ń pe obìnrin yìí lẹ́yìn, àfi ẹni tí iṣẹ́ bá ti sú ló lè pè é bẹ́ẹ̀ níwájú rẹ̀. Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ ni, ó kúrú, ohùn rẹ̀ ò ga, bẹ́ẹ̀ ni mi ò tíì rí ọ̀daràn tí kò bẹ̀rù rẹ̀. Ó máa ń sọ fún mi pé, “Sájẹ́ǹtì, irọ́ máa ń dán sí i bí wọ́n bá ṣe ń tún un sọ ni. Òótọ́ kì í dán. Ẹni tó ń sọ ọ́ ni inú máa ń bí.”

Inú sì bí nọ́ọ̀sì náà lóòótọ́. Ó fọwọ́ gbá tábìlì. “Mo ti sọ ọ́ tán! Ọdún mẹ́rìndínlógún ni mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí. Ṣé aláìsàn á sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn fún èmi, kí n wá jókòó máa wò ó lójú? Ẹ mú mi lọ bí ẹ bá fẹ́ mú mi lọ!”

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín músẹ́. Èmi ò rín. Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n tí mo ti ń ṣe ọlọ́pàá, mo ti rí òpùrọ́ tó ń sunkún, tó ń fọmọ búra, tí ẹrù olè sì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Èmi kì í tètè gba ẹnikẹ́ni gbọ́, ìyàwó mi pàápàá mọ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ rèé. Lọ́sàn-án ọjọ́ Ajé yẹn, nọ́ọ̀sì tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ṣí ojú-ìwé bàbá káfíńtà lórí kọ̀ǹpútà, kò sì rí ìkìlọ̀ kankan níbẹ̀. Wọ́n gún bàbá ní pẹnisílínì ní aago mẹ́ta. Kò pẹ́ rárá tí ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ fi wú, ó sì dákú. Ọjọ́rú la wà yìí, ọ́síjìn ṣì wà nímú rẹ̀, kò tíì lajú. Ọ̀gá ilé ìwòsàn ti kọ ìwé gbélé-ẹ fún nọ́ọ̀sì náà tán, ó sì ti ní kí n mú un lọ sí àhámọ́ bí aago mẹ́rin bá ti lù. Iṣẹ́ rẹ̀, ìwé-àṣẹ rẹ̀, orúkọ rẹ̀, gbogbo rẹ̀ ló fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo.

*

Dókítà àgbà, ìyẹn ọ̀gá ilé ìwòsàn náà, gbà wá ní ọ́fíìsì rẹ̀, ó sì pe ẹni tó ń bójú tó kọ̀ǹpútà wá. Ọ̀dọ́kùnrin ni, bàtà rẹ̀ ń dán. Ìgbàlódé ni àwọn nọ́ọ̀sì ń pè é, torí òun ló kó kọ̀ǹpútà àtijọ́ ilé ìwòsàn náà kúrò nílẹ̀ ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn.

“Mà, bí ẹnikẹ́ni bá pa ọ̀rọ̀ rẹ́ nínú kọ̀ǹpútà yìí, àmì á wà,” ló wí. “Mo wò ó, àmì kankan ò sí. Nọ́ọ̀sì ò kọ nǹkan kan.”

“Tún un sọ.”

“Ẹni tó bá gba inú ẹrọ̀fọ̀ kọjá á fi ojú ẹsẹ̀ sílẹ̀, mà. Ẹni tí kò kọjá rárá ni kì í ní ojú ẹsẹ̀.”

Mo mi orí. Ọmọ náà mọ ọ̀rọ̀ ọ́ sọ.

“Ètò wo lẹ fi rọ́pò ti àtijọ́?” Ọ̀gá bi í.

“A ò rọ́pò ètò o, mà. Ètò tó ń tọ́jú ojú-ìwé àwọn aláìsàn ti lé lógún ọdún, kò sì lè ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà tuntun. Ni mo bá kó kọ̀ǹpútà àtijọ́ náà, tòun ti ètò rẹ̀, sínú tuntun. Kò mọ̀ pé òun ti kó kúrò nílé. Ó ṣì rò pé òun ní díìsìkì tòun, níbi tí òun ń kó ọ̀rọ̀ pamọ́ sí. Díìsìkì yẹn ò sí mọ́. Kọ̀ǹpútà tuntun ló ń ṣe bí díìsìkì fún un. Ohun tó bá sọ, á dá a lóhùn bí díìsìkì.”

“Ayédèrú díìsìkì nìyẹn!” ni mo wí.

“Àfarawé ni, sà. Kì í ṣe ayédèrú.”

“Kí ni ìyàtọ̀ wọn?”

Ìgbàlódé rẹ́rìn-ín. Dókítà àgbà ní eré tí kọ̀ǹpútà tuntun náà ń sá kò lẹ́gbẹ́, pé òun tilẹ̀ yin ọmọ náà níwájú gbogbo òṣìṣẹ́. Ọ̀gá bi wọ́n bóyá nǹkan kan ṣe kọ̀ǹpútà náà lọ́jọ́ Ajé. Àwọn méjèèjì ní rárá.

*

Èmi ni mo rí ọ̀nà àbùjá, tàbí kí n sọ pé mo rò pé mo rí i. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà sọ fún mi pé ní nǹkan bí aago méjìlá ọjọ́ Ajé, òun rí apòògùn ilé ìwòsàn nídìí kọ̀ǹpútà wọ́ọ̀dù, tó ń wẹ̀yìn wò. Apòògùn yìí kan náà ló bá nọ́ọ̀sì yẹn fa ọ̀rọ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Háà! Ọwọ́ mi ti tẹ̀ ẹ́. Mo fà á wá síwájú Ọ̀gá, inú mi ń dùn.

“Kí lẹ lọ ṣe nídìí kọ̀ǹpútà wọ́ọ̀dù?” mo jágbe mọ́ ọn. “Ṣebí ilé oògùn ní tirẹ̀!”

Òógùn bo ọkùnrin náà. “Èsì àyẹ̀wò tèmi ni mo lọ wò, sà.”

“Irọ́ ni!”

“Ẹ̀jẹ̀ ríru ni wọ́n ní mo ní. Bí mo bá ṣí i ní ilé oògùn, akọ̀wé wa á rí i, àbúrò ìyàwó mi sì ni. Bí ìyàwó mi bá gbọ́, mo ti kí iyọ̀ pé ó dìgbóṣe nìyẹn.”

Ọ̀gá bú sẹ́rìn-ín. Mo lọ yẹ̀ ẹ́ wò nínú kọ̀ǹpútà, bó ṣe sọ ọ́ náà ló rí. Kódà ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ga débi pé èmi fúnra mi ní kó lọ wá ibi jókòó. Ojú tì mí, mi ò ní purọ́.

“Ẹ tún un sọ,” Ọ̀gá wí fún un, “ṣùgbọ́n ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí ẹ wọlé.”

“Mo wọlé, mà. Mo jókòó. Mo dúró díẹ̀, torí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jí kọ̀ǹpútà lójú oorun ni. Mo wá...”

“Ta ló jí i?”

“Ìyá Fáìlì ni. Bí wọ́n ṣe máa ń jí i.”

*

Ìyá Fáìlì ni màmá tó ń tọ́jú yàrá ìwé, níbi tí kọ̀ǹpútà ńlá tó ń bọ́ gbogbo wọ́ọ̀dù wà. A bá wọn tí wọ́n ń to ìwé.

“Màmá, wọ́n bi yín lánàá bóyá nǹkan ṣe kọ̀ǹpútà lọ́jọ́ Ajé,” Ọ̀gá wí. “Ẹ ní kò sí nǹkan.”

“Kò sí nǹkan náà ni. Ṣé kí n wá purọ́ ni?”

“Ẹ ò jí i?”

“Mo jí i mọ̀nà! Ó sùn, mo jí i. Ṣé nǹkan nìyẹn? Bí ọmọ bá sùn tó jí, ṣé èèyàn ń ké sí ọlọ́pàá ni?”

“Ẹ jọ̀ọ́, báwo lẹ ṣe ń jí i?”

Màmá bọ́ sẹ́yìn kọ̀ǹpútà ńlá náà, wọ́n fọwọ́ kan wáyà iná tó wọ inú rẹ̀. “Bí gbogbo wọ́ọ̀dù bá pariwo pé ó ti há, màá fa eléyìí yọ. Màá ka ení, èjì, títí dé ẹ̀wá. Màá wá dá a padà sí àyè rẹ̀. Ogún ọdún rèé tí wọ́n ti kọ́ mi bẹ́ẹ̀. Kò sọ lẹ́tà kan ṣoṣo nù rí.”

“Lọ́jọ́ Ajé ńkọ́, aago mélòó?”

“Aago mọ́kànlá kọjá ogójì ìṣẹ́jú. Láti ojú fèrèsé yìí, mo rí nọ́ọ̀sì yẹn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde nídìí kọ̀ǹpútà, ni wọ́n bá pariwo. Kò tíì tó ìṣẹ́jú kan.”

“Ìgbàlódé rí yín?”

“Ó ń kọjá lọ nígbà yẹn. Ó tilẹ̀ kí mi kú iṣẹ́.”

Ọ̀gá wò mí, mo wo Ọ̀gá. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo rò ó pé bóyá òótọ́ ni nọ́ọ̀sì náà ń sọ. Ó bí mi nínú díẹ̀, torí mo ti sọ fún dókítà àgbà pé ọ̀rọ̀ ti parí.

*

Bàbá tó kọ ètò àtijọ́ náà ti fẹ̀yìntì, ilé wọn ò sì jìnnà. A bá wọn ní fàráńdà, wọ́n ń tú rédíò palẹ̀. Ọ̀gá kúnlẹ̀ kí wọn, ó ro gbogbo ẹjọ́ náà fún wọn.

“Fífa wáyà?” Bàbá rẹ́rìn-ín. “Èmi ni mo kọ́ wọn. Díìsìkì ayé ìgbà yẹn, tó bá ti ní òun ti kọ ọ́, ó ti kọ ọ́ nìyẹn. Ẹ fa wáyà, kò sí ohun tó máa ṣe ọ̀rọ̀ yẹn.”

“Ti òde òní ńkọ́, sà?”

“Ti òde òní gbọ́n. Á gba ọ̀rọ̀, á dì í mú lọ́wọ́ ná, á ní òun ti kọ ọ́, kó lè tètè dá èèyàn lóhùn. Ìgbà tó bá ráyè ló máa wá kọ ọ́ sílẹ̀ gan-an. Àwọn ètò tuntun mọ ìwà rẹ̀. Wọ́n ní àṣẹ kejì tí wọ́n fi ń mú un: ‘Kọ ọ́ sílẹ̀ báyìí báyìí, mo dúró tì ọ́.’ Ètò tèmi ò mọ àṣẹ yẹn. Nígbà tí mo kọ ọ́, wọn ò tíì dá irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀.”

“Bí èèyàn bá wá fa wáyà nígbà tí ọ̀rọ̀ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀?”

“Ó ti lọ nìyẹn. Kò sì ní fi àmì sílẹ̀, torí kò dé ilẹ̀ rí.”

Ojú ẹsẹ̀ inú ẹrọ̀fọ̀ tí Ìgbàlódé fi yangàn wá sọ sí mi lọ́kàn.

“Ṣé kò wá sí bí wọ́n ṣe lè bá ètò arúgbó gbé ni, sà?” Ọ̀gá bi wọ́n.

“Ó wà dáadáa. Kọ̀ǹpútà tó bá ń ṣe bí díìsìkì fún arúgbó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bi í léèrè pé, ṣé o mọ àṣẹ kejì? Bí arúgbó bá ní òun ò mọ̀ ọ́n, kó yáa máa kọ gbogbo ọ̀rọ̀ sílẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ kó tó fèsì. Ìlà kan péré ni nínú ètò rẹ̀. Ó máa lọ́ra ni o.”

*

Aago mẹ́ta kọjá nígbà tí Ọ̀gá kó gbogbo wọn jọ sí yàrá ìwé: dókítà àgbà, Ìgbàlódé, Ìyá Fáìlì, nọ́ọ̀sì náà. Ó ní kí nọ́ọ̀sì jókòó sídìí kọ̀ǹpútà ńlá gan-an, kó tẹ ọ̀rọ̀ kan sí ojú-ìwé aláìsàn tí kò sí láyé. Nọ́ọ̀sì tẹ̀ ẹ́. A dúró. Kọ̀ǹpútà ní òun ti kọ ọ́. Lẹ́sẹ̀ kan náà, Ọ̀gá fa wáyà yọ fọ́nràn.

A ka ení dé ẹ̀wá. A dá wáyà padà sí àyè rẹ̀. A ṣí ojú-ìwé náà.

Ọ̀rọ̀ náà wà níbẹ̀ digbí. A tún ṣe é lẹ́ẹ̀mejì sí i, lẹ́tà kan ò yingin.

“Ó parí!” Dókítà àgbà pàtẹ́wọ́. “Ẹ ti rí i fúnra yín. Sájẹ́ǹtì, ẹ máa mú un lọ.”

Nọ́ọ̀sì náà yọ̀ bọ́ sílẹ̀ lórí àga, ó bú sẹ́kún. “Mo kọ ọ́,” ló ń wí. “Ọlọ́run rí mi, mo kọ ọ́.” Mo wo aago, ó ku ogún ìṣẹ́jú kó lu mẹ́rin. Mo yọ ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ jáde. Àánú rẹ̀ ṣe mí, ìyẹn kì í sì í sábà ṣẹlẹ̀ sí mi.

“Fi nǹkan yẹn sápò,” Ọ̀gá wí. Ó kọjú sí Ìyá Fáìlì. “Màmá, nígbà tí nọ́ọ̀sì tẹ̀ ẹ́, mo ka ení dé ẹ̀rin kí kọ̀ǹpútà tó dáhùn. Ṣé bó ṣe máa ń pẹ́ tó nìyẹn?”

“Láti àná ni o! Gbogbo wọ́ọ̀dù ló ń kùn. Oṣù mẹ́ta gbáko ló fi ń sáré bí ẹni tí ajá ń lé, àfi bá a ṣe dé lánàá tá a bá a tó ń wọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀.”

Ọ̀gá yíjú sí Ìgbàlódé. “Kí ló ń fà á sẹ́yìn?”

“Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni, mà.”

“Tún un sọ.”

“Nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó so wọ́ọ̀dù mọ́ ibí ni, mà. Bí ọkọ̀ bá pọ̀ jù lójú ọ̀nà tóóró, ṣé ẹ mọ̀ pé...”

“Ó ti tún dán sí i,” Ọ̀gá wí. “Nínú yàrá yìí ni nọ́ọ̀sì ti tẹ̀ ẹ́, sórí kọ̀ǹpútà ńlá fúnra rẹ̀. Ọ̀nà tóóró wo ló wà láàárín?”

Ìgbàlódé yíjú sí ilẹ̀kùn.

“Ohun tí mo rò rèé,” Ọ̀gá ń bá a lọ, ohùn rẹ̀ ò sì ga sí i. “Oṣù mẹ́ta ni díìsìkì àfarawé yìí fi ń sáré, torí ẹnìkan ti pa ìlà tó ní kó máa ro ti arúgbó. Lọ́jọ́ Ajé, ó ní òun ti kọ ọ̀rọ̀ bàbá káfíńtà. Kò tíì kọ ọ́. Màmá fa wáyà, ọ̀rọ̀ bá wáyà lọ. Lánàá ó bẹ̀rẹ̀ sí lọ́ra, torí ẹnìkan ti dá ìlà yẹn padà. Ìdí nìyẹn tí ìdánwò mi fi já sí òfo. Ta ló máa sáré dá a padà, bí kò ṣe ẹni tó mọ̀ pé òun ló pa á? Ṣí ètò díìsìkì yẹn fún mi. Mo fẹ́ rí ìgbà tí wọ́n fọwọ́ kàn án kẹ́yìn.”

Ọmọkùnrin náà tẹ bọ́tìnnì. Ó hàn gbangba lójú kọ̀ǹpútà: ọjọ́ Ajé, aago márùn-ún kọjá ìṣẹ́jú méjìlá ìrọ̀lẹ́.

“Aago mẹ́ta ni bàbá dákú,” Ọ̀gá wí. “Aago márùn-ún o ti mọ ìdí rẹ̀. O sì ń wò ó níran bí wọ́n ṣe ń sọ obìnrin yìí di ọ̀daràn.”

Ìgbàlódé fi ẹ̀yìn ti ògiri. “Àràárọ̀ ni kọ̀ǹpútà tuntun ń kìlọ̀ fún mi,” ló wí. “Ó ń kọ ọ́ sójú pé ètò tó wà nínú òun ò mọ àṣẹ kejì, pé kí n má pa ìlà yẹn. Ṣùgbọ́n bí mi ò bá pa á, ó ń wọ́ ni. Dókítà àgbà sì ti yìn mí níwájú gbogbo èèyàn. Mo ní kò séwu, a ní bátìrì, iná ò lè já lójijì. Lọ́jọ́ tí mo rí Màmá tí wọ́n ń fa wáyà, mo ní màá sọ fún wọn lọ́la. Mi ò sọ ọ́.”

Dókítà àgbà ò lè wo ojú nọ́ọ̀sì. Ó mú ìwé gbélé-ẹ tó kọ, ó fà á ya sí wẹ́wẹ́, ó ń kólòlò nǹkan kan tó jọ “ẹ má bínú”. Èmi fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sọ́wọ́ ẹni tó tọ́ sí. Mo rò pé ó ti parí. Oúnjẹ ni mo tilẹ̀ ti ń rò.

“Ojú-ìwé kan péré ni mo rò pé ó lọ,” Ìgbàlódé wí.

“Oṣù mẹ́ta,” Ọ̀gá dá a lóhùn. “Màmá, ẹ̀ẹ̀melòó lẹ máa ń jí i lọ́sẹ̀?”

Ìyá Fáìlì fọwọ́ bo ẹnu. “Ẹ̀ẹ̀mẹta,” ni wọ́n wí. “Ìgbà mìíràn, ẹ̀ẹ̀marùn-ún.”

Nọ́ọ̀sì náà lóye rẹ̀ kí n tó lóye. Ó dìde nílẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ nu ojú, ó já ìwé kíkọ kan gbà lórí tábìlì Màmá, ó mú bírò, ó sì sáré jáde. Kò dúró gba ẹ̀bẹ̀ ẹnikẹ́ni. Mo sáré tẹ̀ lé e, tèmi tikùn.

A bá obìnrin kan lójú ọ̀nà, wọ́n ti wọ aṣọ aláìsàn fún un, òṣìṣẹ́ kan ń mú un lọ sí yàrá tí wọ́n ti ń ya fọ́tò egungun.

“Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró,” nọ́ọ̀sì wí. “Kí lẹ sọ fún wa lọ́jọ́ tí ẹ dé?”

“Pé mo ṣubú, ìbàdí ń dùn mí. Mo sì sọ fún yín pé mo lóyún oṣù méjì, pé méjì ti bàjẹ́ lára mi tẹ́lẹ̀. Ẹ̀yin gan-an lẹ tẹ̀ ẹ́. Ẹ ní kọ̀ǹpútà ti kọ ọ́.”

“Wọ́n tún bi yín lónìí?”

“Wọ́n bi mí bóyá ohun kan wà tó yẹ káwọn mọ̀. Mo ní gbogbo rẹ̀ ti wà nínú ìwé mi.”

Nọ́ọ̀sì gba ìwé obìnrin náà, èyí tí wọ́n tẹ̀ jáde láti inú kọ̀ǹpútà, lọ́wọ́ òṣìṣẹ́. Mo yọjú wò ó láti ẹ̀yìn rẹ̀. Ibi tí wọ́n ń kọ oyún sí ṣófo, bẹ́ẹ̀ ìtànṣán fọ́tò egungun lè ṣe oyún ní jàǹbá.

Nọ́ọ̀sì náà di ọwọ́ obìnrin yẹn mú, ó fi bírò kọ ọ́ sí ọrùn-ọwọ́ rẹ̀ gàdàgbà: Ó LÓYÚN. Omi ń dà lójú rẹ̀ bó ṣe ń kọ ọ́.

“Kí ló dé?” obìnrin náà bi í, ẹ̀rù ti bà á. “Ṣé nǹkan ti ṣe ọmọ mi ni?”

“Rárá, Àǹtí. Kò tíì ṣe é.”

Ilẹ̀kùn yàrá fọ́tò ṣí, wọ́n ní kó wọlé. Mo bọ́ sẹ́nu ọ̀nà, mo ní kò wọlé mọ́.

Nọ́ọ̀sì bi òṣìṣẹ́ náà pé bẹ́ẹ̀dì mélòó ni èèyàn wà lórí rẹ̀ nínú ilé ìwòsàn. Ó ní ọgọ́fà. Nọ́ọ̀sì ya ìwé kíkọ náà sí méjì láàárín, ó na ìdajì sí mi.

“Ẹ gba apá òsì, sà,” ló wí. “Ẹ má wo kọ̀ǹpútà. Ẹ bi wọ́n lẹ́nu ara wọn.”

Mo gba apá òsì.